Orúkọ Jìnádù

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ni Ràfíátù pè mí,
ó ní, "Àwọn ẹ̀rọ wa ò rí ara wọn mọ́."
Mo gun ọ̀kadà láti Òkè-Baálẹ̀, àpò irinṣẹ́ lẹ́yìn,
Òṣogbo ṣì ń bọ́jú,
ìrì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń ta káàdì.
Ní Alékúwodò, ilé oògùn Oyèbísí ti kún dé ẹnu ọ̀nà:
ọkùnrin kan láti Ìkìrun fẹ́ páálí parasítámọ̀ méjìlá,
nọ́ọ̀sì kan láti Ẹdẹ jókòó lórí àpótí,
ó ń fi ìwé ọjà fẹ́ ara rẹ̀.
Lójú ẹ̀rọ Ràfíátù, gbólóhùn kan ṣoṣo:
"Mi ò rí ẹni tí mò ń wá."

Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Mo fọwọ́ tọ wáyà láti orí káńtà,
abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára,
títí wọ yàrá ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ àgbà ń gbé.
Eku ò gé e. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú wìrìwìrì.
Mo yọ ẹnu wáyà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún un kì bọlé.
Kò nídìí; ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni.

Mo ké sí ẹ̀rọ àgbà láti orí káńtà:
ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jẹ́.
Onílé wà nílé, nígbà náà.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn tí ọjà ń gbà wọlé,
kò ṣí, kò sì sẹ́ni tó ní "Ta nìyẹn?"
Ilé ń jẹ́, ilẹ̀kùn ò jẹ́.
Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí wáyà tó já.

Mo bi máníjà, Oyètádé: "Kí lẹ yí padà?"
"A ò yí nǹkankan padà."
Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ àgbà,
mo ṣí ìwé tó fi ń kọ ìrírí ara rẹ̀ sílẹ̀,
ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.
Aago mẹ́ta òru, iná lọ.
Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, iná dé.
Ẹ̀rọ jí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀:
"Orúkọ Jìnádù ni mo fi ń dìde.
Mi ò rí Jìnádù mọ́."

Oyètádé fọwọ́ nu ojú.
Ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun pa orúkọ àwọn tí kò sí níbí mọ́ rẹ́:
akọ̀wé tó lọ sí Kánádà, àgùnbánirọ̀ méjì,
àti Jìnádù, tí wọ́n sin lóṣù Kejì,
Jìnádù tó so gbogbo wáyà ilé yìí
nígbà tí òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò.
Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, ẹ̀rọ ò mọ̀.
Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ
bí ẹni tí ìròyìn òkú ò tíì bá lóko.
Ìgbà tó sùn tó jí ló tó gbọ́.

Mo ní kí n dá orúkọ mìíràn.
Oyètádé ní, "Ẹ pè é ní Ẹ̀rọ Kìíní."
Ràfíátù ò gbójú sókè:
"Jìnádù ni kẹ́ ẹ kọ."
Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo kọ ọ́,
mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn, tí ẹnikẹ́ni ò lè há sórí,
mo wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
Kì í ṣe ènìyàn. Ẹ má pa á rẹ́.
Mo wo gbólóhùn náà. Mo fẹ́ tún un kọ, n ò mọ bí.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han, rísíìtì ará Ìkìrun ń yọ jáde,
páálí méjìlá, ọjọ́ òní lórí rẹ̀.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní owó ti gorí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.
Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.
Mo ká wáyà mi.